Abẹnugan Tó Dáhùn Bẹ́ẹ̀ Ni

Jìbírílù ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ nínú àwọn Yorùbá tó ń kírun ní Auburn Gresham, ní Chicago, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Abẹnugan ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Uncle Abẹnugan, àwọn àgbà ń pè é ní Abẹnugan wa, kódà ìmáàmù máa ń gbàgbé ara rẹ̀ nígbà mìíràn, á fi orúkọ náà pè é nínú àdúrà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti fìgbà kan jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin níbì kan. Kò jókòó níbì kankan. Mọ́tò hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines ló ń wà, èyí tó ń gbé èrò láti pápákọ̀ òfúrufú O'Hare wá sí hòtẹ́ẹ̀lì, tó tún ń gbé wọn padà, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Orúkọ yẹn kò ṣàdédé wá. Nígbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó, ó máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò bàbá rẹ̀ pé Abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ báyìí, Abẹnugan sọ tọ̀hún, ó sì rò pé orúkọ eégún ni. Tíṣà rẹ̀ ló là á yé e pé èèyàn ni, ẹni tó ń jókòó síwájú àwọn tó ń ṣòfin, tí ẹnikẹ́ni kò lè la ẹnu nínú ilé náà àfi tó bá fún un láyè. Inú ọmọ náà dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ń bi àwọn ọmọ kíláàsì ní ohun tí wọ́n fẹ́ dà, tí àwọn yòókù ń pe dókítà, tí wọ́n ń pe lọ́yà, Abẹnugan ni Jìbírílù máa ń pè, wọ́n á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi délé.

Kò dà á. Lọ́tìrì Amẹ́ríkà ló jẹ, ó dé Chicago nígbà òtútù pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó fọ mọ́tò, ó gbálẹ̀ ilé ìtajà, kó tó rí iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì yìí. Lẹ́yìn náà ló lọ sílé lọ gbé Àdùfẹ́ níyàwó. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Firdaus, ọmọ náà kò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ dáadáa tí ikú fi mú ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá Jìbírílù ló gba ọmọ náà tọ́. Bí Jìbírílù bá ti dá a lábàá pé òun fẹ́ mú ọmọ òun wá sọ́dọ̀ òun, ìyá á ní kó jọ̀wọ́, kó fi ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú ilé sílẹ̀ fún òun, tí òun bá kú kó máa mú un lọ. Ìyá náà tún ní ẹ̀bẹ̀ kejì. Ó ti gbọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà máa gbé ọwọ́ sókè, á sì búra pé òun kọ ìlú òun sílẹ̀. Ó ní kí Jìbírílù má ṣe é lójú òun. Lójú ìyá yẹn, ìbúra kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Bó ṣe jẹ́ pé fún nǹkan bí ogún ọdún, Jìbírílù ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe máa di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ kò sì dà á. Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn tó kọ́ ti ń dìbò, wọ́n ti ń mú ẹbí wọn wọlé, wọ́n ń gba pápákọ̀ wọlé níbi tí ìlà kò ti gùn, òun sì wà níbi tó wà.

Lẹ́yìn àsàláátù ọjọ́ Sunday ni kíláàsì rẹ̀ máa ń wáyé, nínú yàrá ẹ̀yìn mọ́sáláásí tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ sí. Àwọn ìyá àgbà tó wá tọ́jú ọmọ-ọmọ ló ń wá síbẹ̀, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé arúgbó, àti àwọn tó ń wa takisí. Ìjọba máa ń bi irú wọn ní ìbéèrè lórí ìtàn àti òfin ìlú kí wọ́n tó gbà wọ́n, ọ̀kan lára rẹ̀ sì ni orúkọ Abẹnugan ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tó wà lórí àga báyìí. Ìbéèrè kan péré ni láàárín ọgọ́rùn-ún, àmọ́ ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Orí ìbéèrè kan yẹn ló ń lo ìdajì kíláàsì lé.

Á sọ fún wọn nípa Muhlenberg, pásítọ̀ tó kọ́kọ́ jókòó lórí àga náà, tí wọ́n ní àna rẹ̀ fi ọ̀bẹ gún nígbà tó yá nítorí ìbò kan tó dì. Á sọ nípa Henry Clay, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé náà gan-an ni wọ́n gbé e gun àga. Á sọ nípa ìgbà tí wọ́n dìbò títí fún oṣù méjì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, kí wọ́n tó fẹnu kò lórí Banks. Tó bá kan Cannon, ọmọ Danville ní Illinois wa níbí, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ilé gba agbára lọ́wọ́ Cannon, wọ́n sì tún fi í sílẹ̀ lórí àga kó máa jókòó. Abdulmumin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa takisí, á ní ṣé Cannon ló fẹ́ wá ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà fún àwọn ni, á sì fi orí lé tábìlì sùn.

Èyí tí Jìbírílù fẹ́ràn jù ni ti Thomas Reed. Láyé Reed, tí àwọn kan nínú ilé kò bá fẹ́ kí òfin kan kọjá, ṣe ni wọ́n á jókòó sórí àga wọn tí wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á pe orúkọ wọn, wọn ò ní dáhùn. Tí ẹni tó dáhùn kò bá ti pọ̀ tó, a jẹ́ pé ilé kò pé nìyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan Reed kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo wọn láti orí àga rẹ̀, ẹni tó dáhùn àti ẹni tó dákẹ́, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀kan dìde, ó ń bínú, ó ní Abẹnugan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ka òun mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Reed ní ohun tí ojú òun rí lòun sọ, àbí ọ̀gbẹ́ni náà fẹ́ sọ pé òun ò sí níbẹ̀ ni? Jìbírílù á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lójú pé òun náà kò mọ̀ ọ́n tán.

Lẹ́yìn ìtàn, wọ́n á ṣe eré ìdánwò. Jìbírílù á jókòó síwájú bí òṣìṣẹ́ ìjọba, á mú igi tí wọ́n fi ń họ yìnyín lára gíláàsì mọ́tò, á máa fi gbá tábìlì bí Abẹnugan ṣe ń gbá òòlù rẹ̀. Ọjọ́ kan ló kan Màmá Kàfáyàtù, ìyá àgbà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Hazel Crest. Jìbírílù gbé ohùn Amẹ́ríkà wọ̀, ó bi í bóyá kò tíì lọ sẹ́wọ̀n rí. Màmá fi gbogbo ara dáhùn pé, "Yes."

Jìbírílù gbá tábìlì. "Màmá, ẹ ti lọ sẹ́wọ̀n nìyẹn o."

Yàrá náà dàrú fún ẹ̀rín. Ó wá ṣàlàyé pé tí òyìnbó bá fi "kò" sínú ìbéèrè rẹ̀, tí èèyàn kò sì ṣe nǹkan náà, "No" ni ìdáhùn. Màmá kò gbà. Inú ń bí i díẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ so.

"Ó ní mi ò lọ sẹ́wọ̀n rí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òótọ́ ló sọ. Ṣé kí n wá máa bá a jiyàn lórí òótọ́ ni?"

Jìbírílù ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n ṣáà máa sọ "No". Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà, tó bá ti rí Màmá níta mọ́sáláásí, á dọ̀bálẹ̀ kí i tán, á wá bi í bí oúnjẹ ẹ̀wọ̀n ṣe rí. Màmá yege nígbà tí tirẹ̀ tó. Kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún tí kòrónà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ ni àìsàn dá ìyá Jìbírílù wólẹ̀. Jìbírílù gba ààyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí Ìwó, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó mọ òfin dáadáa, nítorí òun ló ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn: ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ lò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn odi lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá lò ó, àlàyé rẹ̀ á pọ̀. Ìyá náà kú nígbà tí oṣù mẹ́fà ti fẹ́ pé. Jìbírílù sin ín, ó sì gbéra. Kò dúró ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá tó bí i. Àwọn ẹbí bínú sí i, àwọn kan kò sì tíì dárí jì í dòní. Firdaus nìkan ló yé. Ó sin bàbá rẹ̀ dé ìdí mọ́tò, bàbá sì sọ fún un pé ẹ̀bẹ̀ méjèèjì ti bá ìyá wọlẹ̀ báyìí, kó máa múra sílẹ̀.

Nígbà tó dé Chicago, ó lọ rí lọ́yà kan, Olúwatóyọ̀sí, ọmọbìnrin tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ Illinois. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Uncle, ẹ gbọ́dọ̀ swear in before Firdaus turns twenty-one. Tẹ́ ẹ bá ṣe é before then, ó máa wá quickly. Lẹ́yìn yẹn, they'll move her to another line, and that line is long, sir. She could be thirty. Kò sì lè marry o. Tó bá marry, ó tún máa gùn sí i."

Ìparí oṣù kejì ọdún 2024 ni Firdaus máa pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Jìbírílù kọ̀wé béèrè láti di ọmọ ìlú, ó ń retí. Ọmọ náà ń gbé nìkan nínú ilé ìyá àgbà ní Ìwó báyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ló máa ń yọjú sí i. Nígbà tí Abdulmumin ń lọ sílé lọ́dún náà, Jìbírílù fi kóòtù òtútù kan rán an sí ọmọ rẹ̀, kóòtù tó nípọn, tó balẹ̀ dé orúnkún, kí òtútù má bàa bá a lójijì bó ṣe bá bàbá rẹ̀. Firdaus gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá. Nínú ooru Ìwó, á wọ̀ ọ́, á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, òógùn á máa ṣàn lójú rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá á sì fi fọ́tò náà han Nicolás, ọmọ Kúbà tí wọ́n jọ ń wa mọ́tò ní hòtẹ́ẹ̀lì, á ní mọ́tò tí òun ń wà yìí gan-an ni òun máa fi gbé ọmọ òun láti pápákọ̀.

Ìpè dé fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nínú oṣù kẹwàá ọdún 2023. Àsìkò ti tó dáadáa, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Àfi bí ilé aṣòfin ní Washington ṣe dìde níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, tí wọ́n yọ Abẹnugan wọn kúrò lórí àga. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ayé Muhlenberg. Àga ṣófo. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, wọ́n ń dìbò, wọn ò rí ẹni fi síbẹ̀, ọjọ́ Jìbírílù sì ń sún mọ́lé.

Ẹ̀rù bà á débi pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tó fi kọ́ èèyàn, ìgbà tí tirẹ̀ kàn ni wọ́n wá ríbi gbé àga kúrò nídìí ìbéèrè. Tí wọ́n bá bi í ní orúkọ Abẹnugan ńkọ́? Ṣé kó pe orúkọ ẹni tí wọ́n yọ, àbí ẹni tó ń bá wọn di àga mú fúngbà díẹ̀? Ó pe Olúwatóyọ̀sí. Olúwatóyọ̀sí ní kó sinmi, kó kàn sọ pé àga ṣófo. Kò sinmi. Láti O'Hare dé hòtẹ́ẹ̀lì, á máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún gíláàsì mọ́tò pé ní báyìí kò sí Abẹnugan, wọ́n ti yọ ọ́, wọn ò tíì yan òmíràn. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn á máa wo ara wọn lójú. Nǹkan kan ṣoṣo tó ń bẹ̀rù nìyẹn, kò sì bẹ̀rù ohun mìíràn kankan.

Abdulmumin ló fi takisí gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Obìnrin kan ló pè é wọlé, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tó ti dàgbà díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ há nítorí ọ̀fìnkìn, tó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má bínú sí ikọ́ òun. Ó ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú Jìbírílù. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn án. Ó bi í ní ìbéèrè ìtàn, Jìbírílù gbà á, ó tún bi í, ó tún gbà á. Nígbà tó gba mẹ́fà léra, obìnrin náà ní ó tó, ó ti yege. Kò dárúkọ Abẹnugan rárá.

Ara Jìbírílù tú pẹ̀ṣẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó kàwé tí wọ́n ní kó kà, ó kọ èyí tí wọ́n ní kó kọ. Obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè nípa ìgbésí ayé rẹ̀: ṣé ó ti jalè rí, ṣé ó ti bá ẹgbẹ́ burúkú ṣe rí? Jìbírílù ń dáhùn pé "No", "No", bó ṣe ń kọ́ àwọn èèyàn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà húkọ́, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti fẹ́ pa ìwé dé, pé nínú gbogbo ìrìn àjò Jìbírílù, kò sí èyí tó lò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn odi.

Jìbírílù rántí sàréè tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ nígbà tó gbéra. Ó rántí àdúrà ogójì ọjọ́ tí kò dúró ṣe. Òótọ́ pọ́ńbélé ni obìnrin yìí sọ, ó sì dáhùn látọkàn wá.

"Yes."

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. "You were?"

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Létí Jìbírílù, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé "Àbí?" ló dún, bí ẹni tó kàn fẹ́ kí wọ́n tún fi dá òun lójú. Àánú ìyá rẹ̀ sì ti gbà á lọ́kàn.

"Yes, ma," ó ní. "I was with my mother. She died."

Obìnrin náà ní kó pẹ̀lẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá náà sí afẹ́fẹ́ rere. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, ó sì ń tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń sọ ọ́. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti lò tó oṣù mẹ́fà ní ẹ̀rí kan láti mú wá ni Jìbírílù wá gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ti sọ. Ó ní, "No, ma. I mean yes, I was not." Bó ṣe ń tún un ṣe ló ń bàjẹ́ sí i. Obìnrin náà tẹ́tí sí i títí, ó ní òun gbọ́, ó lè jẹ́ pé ó ṣì í sọ lóòótọ́, àmọ́ òun ti bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Òun ò lè parí rẹ̀ lónìí. Kó mú ìwé ìrìnnà tó fi lọ nígbà náà wá, kí àwọn rí òǹtẹ̀ ọjọ́ tó jáde àti ọjọ́ tó wọlé, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ìwé ìrìnnà yẹn ti sọnù. Nígbà tí Jìbírílù pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun, wọ́n fi ti àtijọ́ ránṣẹ́ sí ilé tó ti kó kúrò níbẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ mọ́.

Nígbà tó padà sínú takisí, Abdulmumin bi í bóyá wọ́n béèrè Abẹnugan. Ó ní wọn kò béèrè. Abdulmumin pariwo Alhamdulillahi, ó na ọwọ́ kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó wá rí ojú rẹ̀. Jìbírílù ròyìn fún un. Abdulmumin ṣíná sí mọ́tò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ délé, Jìbírílù ní:

"Àwọn èèyàn Reed dákẹ́, ó kà wọ́n. Èmi sọ̀rọ̀, wọn ò kà mí."

Láìpẹ́ sígbà náà ni ilé aṣòfin yan Abẹnugan tuntun, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Jìbírílù ń wá ẹ̀rí. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tó gbé e, wọ́n ní kó dúró. Ó bẹ hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n kọ ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ fún un, àmọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó mìíràn, ọ̀gá tó ń jẹ́ Jeremy sì ní àwọn tó ṣáájú òun kò fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀. Olúwatóyọ̀sí béèrè àkọsílẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ní ó wà lórí ìlà. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Gbogbo ọjọ́ ni Jìbírílù ń dúró sí O'Hare tí ó ń wo àwọn bàbá tó ń gbá ọmọ wọn mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bá wọn gbé ẹrù wọn sẹ́yìn mọ́tò, tó ń kí wọn káàbọ̀. Ó ń ṣe é dáadáa.

Kò lọ sí kíláàsì mọ́. Àwọn kan rò pé agídí ni. Ìtìjú ni. Gbogbo mọ́sáláásí ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi ṣẹ̀fẹ̀, èyí sì tún burú ju kí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Màmá Kàfáyàtù ní kí ọmọ òun gbé òun wá láti Hazel Crest nínú yìnyín, ó jókòó sí pálọ̀ Jìbírílù, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Kò rán an létí ẹ̀wọ̀n. Ó kàn ní, "Òótọ́ lo sọ fún wọn, ọmọ mi. Èdè wọn ni kò gbà á." Lẹ́yìn náà ó sunkún, Jìbírílù sì ń bẹ̀ ẹ́.

Ìparí oṣù kejì dé, ó sì kọjá. Lọ́jọ́ tí Firdaus pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, bàbá rẹ̀ pè é, ó ṣàdúrà fún un. Ọmọ náà bi í bóyá wọ́n ti dáhùn. Ó ní wọ́n ṣì ń wò ó. Kò lè sọ fún un pé ọjọ́ tí àwọn ń sá fún ni wọ́n ń bá a yọ̀ lé lórí yẹn.

Àkọsílẹ̀ ìjọba jáde nígbà tí yìnyín ti yọ́ tán. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ohun tí Jìbírílù fẹ́ sọ mu: ó padà dé kí oṣù mẹ́fà tó pé. Wọ́n gbà á, wọ́n tilẹ̀ tọrọ àforíjì fún ìdádúró. Nínú oṣù karùn-ún, ó dúró láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì búra ìbúra tí ìyá rẹ̀ ní kó má bú. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí fún un ní àsíá kékeré. Ó ṣe é nítorí ọmọ kan ṣoṣo, ó sì ṣe é tán nígbà tí kò wúlò fún ọmọ náà mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n kún yàrá ẹ̀yìn mọ́sáláásí. Wọ́n se mọ́ínmọ́ín, ọmọ kan lẹ àsíá mọ́ ògiri, Abdulmumin sì gbé igi tí wọ́n fi ń họ yìnyín lé tábìlì níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí Abẹnugan bá àwọn sọ̀rọ̀. Jìbírílù dìde, ó wo gbogbo wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun ń bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa pe òun ní Jìbírílù. Ó sì jókòó. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró sí O'Hare, ó ń retí èrò, nígbà tí Firdaus pè. Olúwatóyọ̀sí ti ṣàlàyé fún Jìbírílù pé wọ́n ti gbé orúkọ ọmọ náà lọ sí ìlà kejì, ọmọ náà sì ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó kí bàbá rẹ̀ kú oríire. Ó bi í bí àsíá náà ṣe tóbi tó. Bàbá ń gbọ́ adìẹ tó ń ké nínú àgbàlá ní Ìwó.

"Bàbá mi, kóòtù yẹn ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn o," ó ní. "Mo ń nù ú."

"O ṣeun, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ ò ní lè mú mi wá mọ́ nìyẹn?"

Ìlẹ̀kùn pápákọ̀ ṣí, àwọn èrò ń jáde bọ̀ wá sídìí mọ́tò, wọ́n ń wọ́ ẹrù wọn. Jìbírílù di fóònù mú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó dáhùn.

Ó yé Firdaus lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní kó tún un sọ.